Bí Eléré Ìdárayá Bá Ṣubú, Ta Ni Ó Ti Múra Dè É?

Nígbà mìíràn tí ẹ bá jókòó ní pápá ìṣeré, ẹ mú ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ pápá. Níbo ni àwọn dókítà jókòó sí? Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ áńbúláǹsì yóò gbà wọlé, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà jáde? Ta ni kọ́kọ́rọ́ géètì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbéèrè kékeré ni wọ́n jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn so mọ́ wọn.

Àwọn àgbà inú wa kò lè gbàgbé ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, ọdún 1989, ní pápá ìṣeré Surulere, ní Èkó. Nàìjíríà ń bá Àǹgólà figagbága kí ó lè lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé. Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, agbábọ́ọ̀lù tí ó tún kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ṣubú lulẹ̀ láìsí ẹni tí ó fara kàn án, kò sì dìde mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, ọdún 2003, Marc-Vivien Foé, ọmọ Kamẹrúùnù, ẹni ọdún 28, ṣubú bákan náà ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ó sì kú.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2012, ní London, ọkàn Fabrice Muamba dá iṣẹ́ sílẹ̀ lórí pápá fún ìṣẹ́jú 78. Àwọn olùtọ́jú kò dẹ́kun àtimáa tẹ àyà rẹ̀. Oníṣègùn ọkàn kan, Andrew Deaner, tí ó wá wòran lásán, sọ̀ kalẹ̀ láti àárín èrò wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Muamba yè. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 2021, Christian Eriksen ṣubú ní Copenhagen. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná ta ọkàn jí gbà á là lójú ẹsẹ̀, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó sì ti padà sórí pápá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: àkókò àwọn ti ìṣáájú ni ó ti tó. Ọwọ́ Ọlọ́run ni ẹ̀mí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí kádàrá wa ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì. Bí ọkàn bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ó bá kọjá láìlo ẹ̀rọ yìí máa ń gé nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú 100 kúrò nínú ìrètí pé ẹni náà yóò yè. Nítorí náà ni ètò fi gbọ́dọ̀ wà kí eré tó bẹ̀rẹ̀: kí ẹ̀rọ náà lè dé igunkígun pápá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ọkọ̀ áńbúláǹsì ní epo àti awakọ̀, kí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ sì ti mọ̀ ṣáájú. Nígbà tí Chineme Martins ti Nasarawa United ṣubú ní Lafia ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ọdún 2020, tí ó sì kú, ìròyìn tí ó jáde sọ pé ọkọ̀ áńbúláǹsì tí ó wà níbẹ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ láwùjọ wa nìyí: apá àti ẹsẹ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró lè máa gbọ̀n, ó sì lè máa mí gúlegúle. Kíá ni èrò yóò pariwo wárápá, ẹnìkan yóò máa wá ṣíbí tí yóò kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹlòmíràn yóò da omi lé e lórí. Ẹ jọ̀wọ́, eléré tí ó bá ṣubú láìsí ẹni tí ó kọlù ú, tí kò sì dáhùn, ẹ kà á sí pé ọkàn rẹ̀ ni. Ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ má sì dúró títí ẹ̀rọ yóò fi dé.

Eré ìje ọlọ́nà jíjìn ní ìṣòro tirẹ̀. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá irú eré yìí ní Èkó, kìlómítà 42 àti díẹ̀, ooru Èkó kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ṣubú lẹ́yìn tí ó ti sáré dé òpin, ẹ̀jẹ̀ tí ó sọ̀ sí i lẹ́sẹ̀ ni ó sábà máa ń fà á. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, yóò dìde láìpẹ́. Ẹni tí ó ṣubú nígbà tí ó ṣì ń sáré, tí ara rẹ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 40, tí ó ń sọ kántankàntan, ewu ńlá ni. Kí wọ́n rì í sínú báàfù ńlá tí ó kún fún omi àti yìnyín níbẹ̀ gan-an, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Gbígbé e sáré wọ inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ láìtíì tu ara rẹ̀ lè sọ ọ́ di òkú. Kí wọ́n má sì máa fi tipátipá rọ omi sí asáré lẹ́nu, nítorí omi àmujù máa ń dín agbára iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì lè mú kí ọpọlọ wú.

Ìdíje Òlíḿpíìkì London ọdún 2012 bọ́ sínú oṣù Ramadan. Kí dókítà ẹgbẹ́ mọ ẹni tí ó ń gba ààwẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n jọ ṣètò ìgbà tí yóò máa mu omi, kí arìnrìn-àjò sì rántí pé ìrọ̀rùn àtisan án padà wà fún òun.

Ṣùgbọ́n pápá tí ó kàn wá jù ni ti ilé-ìwé àwọn ọmọ wa. Ní ọjọ́ ìdíje ilé-sí-ilé, àwọn ọmọ máa ń yan bí ológun nínú oòrùn fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó sáré rárá, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì a sì máa jẹ́ òwú àti ayodíìnì nìkan. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ta ni nọ́ọ̀sì ọjọ́ náà, ọkọ̀ ta ni yóò sì wà ní sẹpẹ́. Bí ọmọ yín bá ní àsímà, tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, tàbí tí ó ti dákú rí níbi eré, ẹ má fi pamọ́ nítorí kí wọ́n má baà yọ ọ́ kúrò nínú eré. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìyọ̀ǹda, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù tí ẹ óò gbé lọ́jọ́ náà sí i.