Ìbéèrè tí Kò Fẹ́ Ìdáhùn

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn ìbéèrè ìṣirò tí í máa gba àkókò ẹni lásán. Ní oṣù July ọdún 2019, ìṣirò kan dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní ilẹ̀ púpọ̀. Báyìí ni a ṣe kọ ọ́: 8 ÷ 2(2+2). Àwọn kan wí pé 16 ni. Àwọn mìíràn búra pé 1 ni. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbé irú rẹ̀ ka iwájú àwọn olùkọ́, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀kọ́, bí kò ṣe kí a lè rí ẹni bá jiyàn.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Bí ìyá kan bá ní ọsàn 8, tí ó fẹ́ pín in fún ilé 2, tí ọmọkùnrin 2 àti ọmọbìnrin 2 sì wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ọsàn 1 ni yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí agbọ̀n 2 bá gba kóńgò àgbàdo 8, agbọ̀n 2 ti Àìná pẹ̀lú agbọ̀n 2 ti Òjó yóò gba kóńgò 16. Ta ni yóò bá wa jà lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì? Ẹni tí ó kọ ìṣirò náà ni kò sọ èyí tí òun ń fẹ́. Àkámọ́ kan sí i ìbá ti parí ìjà. Àmì ÷ pàápàá kò dúró lójú kan. Johann Rahn lò ó fún pínpín nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1659, ṣùgbọ́n àwọn ará Denmark àti Norway ti lò ó fún àyọkúrò! Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ìṣirò fi sábà ń fa ilà, kí wọn kọ iye kan sí òkè rẹ̀, èkejì sí ìsàlẹ̀.

Èmi kò bínú sí àìmọ̀ rárá. Ohun tí ó dùn mí ni pé, nígbà tí àwọn àgbà ń pariwo 16 àti 1, ọmọdé kan ń bẹ lẹ́yìn tí ó di ìwé rẹ̀ mú, tí ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, tí ó sì fẹ́ béèrè pé: “Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, mo fi ½ pín ¾, mo rí 1½. Kí ló dé tí mo pín nǹkan, tí ó tún pọ̀ sí i?”

Ìbéèrè ni èyí. Ẹ mú búrẹ́dì kan, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kúrò. Bí ìpín ènìyàn kan bá jẹ́ ààbọ̀ búrẹ́dì, ìpín mélòó ni ó kù nílẹ̀? Ìpín kan àti ààbọ̀ ni. Búrẹ́dì kò pọ̀ sí i. Ìpín ni a ń kà.