Ọpọlọ Àgbà àti Sẹ́ẹ̀lì Tuntun: «Pín» ni Tàbí «Bí»?

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà máa ń gbọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti dàgbà ni pé ọpọlọ òun ti gbó. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ pàápàá fi sọ ohun tí ó jọ èyí. Wọ́n gbà pé nọ́rọ́ọ̀nù, èyíinì ni sẹ́ẹ̀lì tí ọpọlọ fi ń gba ìròyìn tí ó sì fi ń rán an, kì í pọ̀ sí i mọ́ lẹ́yìn ìgbà èwe. Èyí tí ó bá kú, ó kú gbé. Ní 1962, Joseph Altman ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àmì nọ́rọ́ọ̀nù tuntun nínú ọpọlọ eku àgbà. Díẹ̀ ni ó gbà á gbọ́. Ní 1992, Brent Reynolds àti Samuel Weiss ní Kánádà yọ sẹ́ẹ̀lì kan láti inú ọpọlọ eku àgbà. Ó ń pọ̀ sí i nínú àwo, nọ́rọ́ọ̀nù sì ń ti ara rẹ̀ jáde. Sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ ni èyí.

Ìsinmi ni sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí ó bá jí, yóò kọ́kọ́ da DNA rẹ̀, tí í ṣe àkọsílẹ̀ àjogúnbá, kọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni yóò di méjì. Nígbà mìíràn, méjèèjì a jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀kan a dúró sí ipò ìpilẹ̀, èkejì a sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ: yóò tún di púpọ̀, àwọn tí ó ti ara rẹ̀ wá ni yóò sì di nọ́rọ́ọ̀nù. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń kú ní kékeré. Àwọn tí ó bá yè a máa yọ ẹ̀ka, wọn a sì so mọ́ àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Nọ́rọ́ọ̀nù tí ó ti gbó kì í pín mọ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tí ń kọ ìwé fún àgbà. Bí a bá pín iṣu sí méjì, kò sí odidi mọ́. Ṣùgbọ́n odidi àkọsílẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbà. Bí a bá sì kọ ọ́ pé sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ «bí» nọ́rọ́ọ̀nù, òǹkàwé yóò rò pé ìyá wà lọ́tọ̀, ọmọ wà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ara ìyá gan-an ni ó di méjì. Ọmọ-ọmọ ni nọ́rọ́ọ̀nù sábà máa ń jẹ́ sí i. «Pín di méjì» sàn ju «pín sí méjì» lọ fún ìṣe náà, «ìran» sì bá ohun tí ó tẹ̀lé e mu.

Eku ni a ti rí gbogbo èyí dájú. Ní ti ènìyàn, Peter Eriksson, Fred Gage àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí àmì rẹ̀ ní 1998 nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ tí wọ́n ti kú, ní hippocampus, apá tí ìrántí ń lò. Ní 2018, ẹgbẹ́ olùwádìí kan kò rí i lára àgbà rárá, òmíràn sì rí i lára arúgbó. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, nítorí náà kò yẹ kí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ sọ ti eku di ti ènìyàn. Kíkà kò kúkú dúró de nọ́rọ́ọ̀nù tuntun. Ní 2010, Stanislas Dehaene àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ àwọn ará Pọ́túgà àti Bràsíìlì wò. Lára àwọn tí ó jẹ́ pé àgbà ni wọ́n tó kọ́ ìwé, ọpọlọ ti yí iṣẹ́ rẹ̀ padà.