Ọ̀dà Tó Gbé Ìrísí Kọnkéré Wọ̀

Kí sìmẹ́ǹtì tó gba ilé lọ́wọ́ amọ̀, ọwọ́ obìnrin ni ògiri ilé Yorùbá máa ń gbà kọjá kó tó parí. Àwọn ọkùnrin á po amọ̀, wọ́n á mọ ògiri ní ìpele-ìpele títí á fi dé àjà, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ilé ló ń pa á. Wọ́n á po ẹlẹ́bọ́tọ mọ́ omi, àwọn mìíràn á fi èédú lílọ̀ tàbí omi ewé kún un, wọ́n á wá fi àtẹ́lẹwọ́ fà á káàkiri ara ògiri àti ilẹ̀. Bó bá gbẹ, á dán, á sì le. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí ipa ọwọ́ níbẹ̀: ibi tí ọwọ́ ti yí, ibi tó ti nípọn, ibi tó ti fẹ́lẹ́, ibi tí àwọ̀ ti ṣú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní àbùkù. Òun ló ń fi hàn pé ilé náà ní olùtọ́jú.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè gbé iṣẹ́ yìí dé ipò ọnà. Bí ọdún òrìṣà bá dé, wọ́n á tún ògiri náà kùn, àwọ̀ tuntun á sì gorí ti tẹ́lẹ̀. Moyọ̀ Òkédìjí, ayàwòrán àti ọ̀mọ̀wé, ti kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí kò ju èyí lọ: àwọ̀ tó gorí àwọ̀, tí ọwọ́ sì hàn nínú rẹ̀, máa ń fún ògiri ní ẹ̀mí tí àwọ̀ kan ṣoṣo kò lè fún un.

Ìmọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a mú dání bí a ti ń lọ wo iṣẹ́ kan tó jẹ́ àjèjì sí púpọ̀ nínú wa. Nínú ilé mìíràn ní Yúróòpù tàbí ní Amẹ́ríkà lónìí, ẹ lè wọ pálọ̀ kí ẹ bá ògiri aláwọ̀ eérú tí kò dán rárá. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀ níhìn-ín, ó mọ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìlà tín-ín-rín pín in sí onígun mẹ́rin gbàǹgbà-gbàǹgbà, ihò róbótó-róbótó sì wà lára rẹ̀ ní ìdọ́gba. Ẹ ó sọ pé kọnkéré ni wọ́n dà tí wọn kò sì rẹ́ ẹ. Àmọ́ tí ẹ bá fi ìka kan án, á dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo. Ọ̀dà lásán ni. Pẹ́ńtà ló fi búrọ́ọ̀ṣì, àkísà àti sùúrù sọ ọ́ di kọnkéré lójú ẹni tó ń wò ó.

Kí ló lè mú kí ẹnikẹ́ni fẹ́ kí ògiri pálọ̀ òun jọ kọnkéré? Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ya àwòrán ilé ni ìfẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Le Corbusier kọ́ ilé gàgàrà kan sí Marseille, ní ilẹ̀ Faransé, kí ọ̀pọ̀ ìdílé lè máa gbé inú rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1952. Nígbà tí wọ́n tú pákó tí wọ́n fi da kọnkéré náà, ìlà ara igi ti tẹ̀ mọ́ kọnkéré bí òǹtẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1965, Louis Kahn parí ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì Salk Institute sí La Jolla ní California, ó sì jẹ́ kí gbogbo ihò tí irin ìdè pákó fi sílẹ̀ hàn síta. Òjé ló fi dí wọn. Tadao Ando wá gba iṣẹ́ náà ní Japan. Ọkùnrin yìí kò kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní yunifásítì. Ó ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí kó tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Ìmọ́lẹ̀ tó kọ́ sí Ibaraki, nítòsí Osaka, ní 1989 kò ní ọ̀ṣọ́ kankan ju ògiri kọnkéré tó jọ̀lọ̀ lọ, àti àyè tí wọ́n gé lára ògiri iwájú ní ìrísí àgbélébùú kí oòrùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Pákó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó sì gùn ní 180, ni Ando sábà máa ń lò, nítorí náà ìlà àti ihò ara ògiri rẹ̀ máa ń wà létòlétò. Ìrísí yìí ni àwọn tó ń fi ọ̀dà ṣe kọnkéré ń lépa jù lọ.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kì í gbé kọnkéré wọ pálọ̀. Kọnkéré tó gbòòrò ní mítà kan lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 2,400. Bí ògiri rẹ̀ bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, a jẹ́ pé mítà kan ní ìbú àti ní gíga rẹ̀ yóò wúwo tó kìlógíráàmù 360. Ní Amẹ́ríkà, igi ni wọ́n fi ń ṣe egungun ọ̀pọ̀ ilé, pátákó gypsum tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ ni wọ́n sì fi ń bo inú rẹ̀. Ta ni yóò gbé irú ẹrù kọnkéré bẹ́ẹ̀ lé irú ilé bẹ́ẹ̀? Ọ̀dà ló wá di ọ̀nà àbáyọ, nítorí pé kò wúwo, kò ní kí wọ́n wó ilé, ẹni tó bá sì sú lè kùn ún padà sí funfun.

Nílé lọ́dọ̀ wa, ohun tí wọ́n ń wá yìí gan-an la máa ń bò mọ́lẹ̀. Bíríkìlà á to búlọ́ọ̀kù, á rẹ́ ẹ, wọ́n á fa screeding lé e títí ojú rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀ bí awo, ọ̀dà á wá gorí rẹ̀. Ilé tí wọn kò tíì rẹ́, ojú ilé tí owó tán lórí rẹ̀ la fi ń wò ó. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ kọ́lé ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ ògiri tó ń dán. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn náà ní ẹni tó ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé tó kọ́ ilé àwọn àlùfáà Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Dòmíníkà síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó sì jẹ́ kí ohun tó fi kọ́ ilé fi ara rẹ̀ hàn. Ní 2023, àjọ̀dún ìṣẹ̀dá ilé ní Venice fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ara ògiri tí kò fi ohunkóhun pamọ́ lè jẹ́ ẹwà, ó sì lè jẹ́ tiwa.

Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti inú agolo ọ̀dà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú mímọ ohun tó mú kí kọnkéré rí bó ṣe rí. Àwọn kápẹ́ńtà á kan pákó pọ̀ bí àpótí, wọ́n á fi irin tín-ín-rín so pákó ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ ti èkejì kí ẹrù má bàa tú u, wọ́n á wá da kọnkéré tútù sí i. Ibi tí pákó méjì ti pàdé, omi sìmẹ́ǹtì á yọ́ jò níbẹ̀, ìlà á sì hù. Ibi tí irin gbà kọjá á di ihò. Atẹ́gùn tó há sáàárín kọnkéré àti pákó á fi ojú ihò kéékèèké sílẹ̀ lára ògiri bí ihò ara búrẹ́dì. Bí omi inú kọnkéré bá pọ̀ ní apá kan ju èkejì lọ, tàbí tí pákó kan mu omi ju ìkejì lọ, àwọ̀ kò ní dọ́gba. Gbogbo ohun tí pẹ́ńtà máa fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe, ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ló ń ṣàfarawé. Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí ìlà fi wà níbi tó wà yóò fa ìlà síbi tí kò sí pákó tó lè pàdé.

Ẹ jẹ́ ká wá kó irinṣẹ́ jáde. Ògiri gbọ́dọ̀ gbẹ, kó mọ́, kí ibi tó bó sì ti di dídí. Ẹ ra emulsion tí kì í dán, nítorí pé kọnkéré tí wọn kò ṣe ohunkóhun sí kì í dán. Ọ̀dà tó ń kọ mọ̀nà yóò tú àṣírí ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ eérú tó wà láàárín, tí kò ṣú jù tí kò sì mọ́ jù, ni ẹ ó fi kun gbogbo ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ ó po mẹ́ta mìíràn: eérú tó mọ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, eérú tó ṣú jù ú lọ, àti èyí tí ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ kún kó lè gbóná lójú. Kọnkéré gidi kì í jẹ́ eérú kan ṣoṣo. Ẹ bu omi lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n lè fẹ́lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ ìsàlẹ̀ á fi máa yọjú láti abẹ́ wọn.

Ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ bọ inú àwọ̀ kan, kó má mu púpọ̀, kí ẹ fà á ní gbùrẹ́gbùrẹ́ bí ẹni ń kọ X, kékeré lórí ńlá, láì tẹ̀lé ìlà kan. Kí èyí tó gbẹ, ẹ mú àwọ̀ kejì, ẹ fi pa á lára níbòmíràn, kí méjèèjì lè wọnú ara wọn. Ẹ wá mú àkísà tàbí fóòmù tí ẹ ti rẹ sómi tí ẹ sì ti fún, kí ẹ fi tẹ ibi tí àwọ̀ ti le jù títí á fi rọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni etí ọ̀dà: bí etí apá tí ẹ ti kùn bá gbẹ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìlà tó hù níbẹ̀ kò ní kúrò mọ́. Nítorí náà ó dára kí ènìyàn méjì ṣe é, kí ọ̀kan máa kùn, kí èkejì máa fi àkísà tẹ̀ lé e, láti igun kan dé èkejì láì dúró.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn lábẹ́ ọwọ́, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lò fún screeding fa P.O.P. fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára ògiri kí ẹ tó kùn ún. Ẹ má fà á dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí irin náà fo ibìkan, kó sì há díẹ̀ sí ibòmíràn. Ihò kéékèèké tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ á rí bí ihò atẹ́gùn. Bó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà rá a lórí, kìkì ibi tó yọ gọ́tọ ni kí ẹ rá.

Ìlà pákó ló kù. Ẹ fi ìwọ̀n wọn ògiri náà kí ẹ sì pín in sí onígun mẹ́rin tí wọ́n tóbi tó pákó gidi, bíi sẹ̀ǹtímítà 90 ní ìbú, 180 ní gígùn. Lẹ́ẹ̀dì àti rúlà ni ẹ ó fi fa ìlà, ẹ ó fi àwọ̀ eérú tó ṣú fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, ẹ ó sì nù ún kó tó gbẹ kó lè parẹ́ díẹ̀ níbì kan, kó sì hàn níbòmíràn. Ihò irin á wà ní ìdọ́gba nínú onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Òkè rẹ̀ ni kí òjìji wà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí pé láti òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ẹ wá gbé fìtílà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rá a kọjá, kí ẹ sún sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wò ó. Ohun tí ojú bá kọ́kọ́ bọ́ sí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ẹ ó padà lọ mú rọ̀. Nígbà tí ojú kò bá rí ibì kan tí yóò dúró sí mọ́, ó tó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ògiri kan ṣoṣo nínú yàrá ti tó. Bí ẹ bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yàrá á wúwo, á sì ṣókùnkùn, pàápàá níbi tí fèrèsé kò bá pọ̀. Kí ẹ má sì fi iṣẹ́ yìí bo ògiri tí omi ń wọ̀. Ògiri tí omi ń fà láti ìpìlẹ̀ yóò ti ọ̀dà jáde bópẹ́ bóyá, àbàwọ́n ọ̀rinrin sì jọ kọnkéré débi pé ẹ lè máa yìn ín nígbà tó ń ba ilé jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ̀ nípa omi, kí ẹ tó pe ẹni tó mọ̀ nípa àwọ̀.

Àwọn kan á ní irọ́ ni, pé ohun tó jẹ́ ọ̀dà kó jẹ́ ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé. Ní Pompeii, ìlú àwọn ará Róòmù tí òkè oníná bò ní ọdún 79, àwọn onílé kan ti rẹ́ ògiri wọn, wọ́n sì kùn ún kó lè jọ òkúta mábù olówó ńlá tí wọ́n tò lé ara wọn. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀dà ṣe kọnkéré dáadáa gbọ́dọ̀ ti fi ọ̀wọ̀ wo kọnkéré kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ìwò yẹn ni iṣẹ́ náà, a sì ní ohun tí a lè wò káàkiri: abẹ́ dẹ́kìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú pákó rẹ̀, òpó ilé tí wọn kò tíì rẹ́, abẹ́ afárá tí a ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Pẹ́ńtà ọ̀dọ́ tó bá ń wá ohun tí yóò ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kò ní láti rìn jìnnà. Kó lọ dúró síwájú ọ̀kan nínú wọn, kó ka iye eérú tó wà lára rẹ̀, kó sì lọ gbìyànjú rẹ̀ lórí pátákó kékeré kan kó tó fọwọ́ kan ògiri oníbàárà.