Ohun Tí Katapílà Kò Lè Wó Lọ́wọ́ Obìnrin

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá gba ìhà Oniru kọjá lónìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island ní Èkó, ilé alájà púpọ̀, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ńláńlá ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn obìnrin ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé: ẹni tí ń din àkàrà fún àwọn tí ń kọ́lé, ẹni tí ń lọ gbálẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ẹni tí ó ru igbá ẹja. Àwọn ni ọ̀rọ̀ mi ń bá wí lọ́sẹ̀ yìí.

Apá kan ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ níbẹ̀ ni a ń pè ní Maroko nígbà kan rí. Ní oṣù keje ọdún 1990, Raji Rasaki, gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, fún àwọn ará Maroko ní ọjọ́ 7 péré kí wọ́n kó jáde. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, omi òkun lè bò ó. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà ni katapílà wọlé. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n ní ó di aláìnílé. Ìjọba kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Ilasan àti Ikota; àwọn yòókù fọ́n ká bí ẹyẹ ẹ̀gà tí a sọ òkò sí.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti obìnrin tí ó ní ìsọ̀ níbẹ̀. Ìsọ̀ lọ, ojúkò lọ, oníbàárà kò sí lójú kan mọ́. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbé jáde? Lójú tèmi, nǹkan mẹ́ta ni katapílà kò lè wó: iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni, owó tí a mọ ìṣirò rẹ̀, àti ẹgbẹ́ tí ó mọ̀ wá.

Iṣẹ́ ọwọ́

Ẹni tí ó mọ aṣọ rán ní Maroko yóò mọ̀ ọ́n rán ní Ajah. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má wulẹ̀ fi ọmọbìnrin yín jókòó ti igbá ọjà. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́ iṣẹ́, kí ó sì kọ́ ọ parí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ibùdó ìkọ́ṣẹ́ tí a ti ń kọ́ aṣọ rírán, irun ṣíṣe, oúnjẹ sísè àti iṣẹ́ mìíràn bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè èyí tí ó súnmọ́ yín.

Owó tí a mọ ìṣirò rẹ̀

Ìyá kan tí ń se ìrẹsì tà lẹ́bàá ilé-ìwé wa sọ fún mi nígbà kan pé, “Tísà, mo ń tà, mi ò sì rí èrè. Àfi bí ẹni pé àjẹ́ ń kó o lọ.” Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí á wá a.” Mo ra ìwé kékeré kan fún un, mo ní kí ọmọ rẹ̀ máa bá a kọ nǹkan mẹ́rin sí i lálaalẹ́: iye tí ó fi ra ọjà, iye tí ó tà lówó, iye tí ó tà láwìn, àti iye tí ilé jẹ. Nígbà tí oṣù parí, a rí àjẹ́ náà mú. Apá kan wà nínú ìkòkò ilé ara rẹ̀. Apá kejì, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, wà lọ́wọ́ àwa tísà tí ń jẹ àwìn!

Àwọn baba wa ti mọ ọ̀nà owó kí báńkì tó dé. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa èsúsú wa ní 1952. Bí obìnrin 10 bá ń dá 20,000 náírà lóṣooṣù, ẹni tí ó bá kàn yóò kó 200,000, láìsí èlé. Àjọ ojoojúmọ́ yàtọ̀: ẹni tí ó dá 1,000 fún ọjọ́ 30 yóò gba 29,000, nítorí owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé alájọ yín àti àwọn ẹbí rẹ̀, kí ó má baà di ẹni à ń wá.

Bí ẹ bá fẹ́ yá owó, òfin ti gbé àjọ kan kalẹ̀ ní Èkó láti 2016, tí a ń pè ní LSETF, láti máa yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó. Níbi yòówù kí ẹ ti yá a, ẹ béèrè pé: “Èlé yìí, ṣé ti oṣù ni tàbí ti ọdún?” Èlé 5 lórí 100 lóṣooṣù dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n lórí 100,000 náírà, tí a kò bá dín owó náà kù, 60,000 ni lọ́dún kan. Ó ti pa ọ̀pọ̀ ọjà.

Àwọn tí ń gba owó oṣù

Ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba ìwé ìgbàsíṣẹ́ yín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní aboyún tí ó ní ìwé dókítà lè sinmi fún ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó bímọ, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀ ni ọ̀gá gbọdọ̀ máa san. Ẹni tí kò mọ òfin yìí ni a ń sọ fún pé kí ó máa lọ sílé.

Ẹgbẹ́

Ní ọdún 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ máa gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Èkó. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Ereko, ni ó kó àwọn obìnrin ọjà jáde. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn. Ìjọba gbé òdiwọ̀n owó-orí náà sókè débi pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn bọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Owó ọjà kì í ṣe owó ọbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ owó tí aya yín fi ń ṣòwò, katapílà ni yín nínú ilé ara yín. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́ṣẹ́, kí ó kọ ìṣirò rẹ̀, kí ó lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìjì bá jà, inú ohun tí ó kó pa mọ́ ni gbogbo ilé yóò ti jẹun.