Ọkàn Àgbà Náà Rọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ian Paisley, pásítọ̀ àti olóṣèlú Pùròtẹ́sítáǹtì ní Àríwá Áyálándì. Níbẹ̀, ìjà Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì pa èèyàn bí 3,500 láàárín 30 ọdún.

Tí wọ́n bá ní kí Paisley bá àwọn Kátólíìkì pín ìjọba, á ní: rárá! Ní 1998, wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà. Ó kọ̀ ọ́.

Ní 2005, ẹgbẹ́ IRA, tó ń jà ní apá kejì, kó ohun ìjà sílẹ̀. Ní 2007, Paisley, ẹni ọdún 81, bá Martin McGuinness, ọ̀gá IRA tẹ́lẹ̀, ṣe ìjọba pọ̀. Wọ́n tilẹ̀ jọ ń rẹ́rìn-ín. Kò yí ìsìn rẹ̀ padà. Ọkàn rẹ̀ ló rọ̀.

Àgbà lè yí padà. Àwọn tó ti kú kò lè padà wá. Ẹ má dúró di ọjọ́ ogbó kí ẹ tó bá aládùúgbò yín parí ìjà.