Ojúṣe Onílé Kò Parí Síbi Owó Ilé

Ọ̀pọ̀ onílé gbà pé bí ayálégbé bá ti sanwó, tí ó sì gba kọ́kọ́rọ́, ìyọnu ilé ti di tirẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin pàápàá kò gbà á.

Òfin Ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, ní abala 8, ní kí onílé máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ṣe, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ ohun mìíràn. Ẹ wo àtẹ̀gùn àjùmọ̀lò. Bí irin tí a ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ti ń mì láti ọjọ́ pípẹ́, tí onílé mọ̀, tí ó dákẹ́, tí ọmọ ọlọ́mọ sì já bọ́ níbẹ̀, "iṣẹ́ èṣù ni" kì í ṣe ìdáhùn nílé ẹjọ́. Owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú lè bọ́ sí onílé lọ́rùn.

Ayálégbé náà ní ojúṣe tirẹ̀. Abala 7 ní kí ó tètè fi tó onílé létí bí ilé bá bàjẹ́ gidigidi. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́: ẹ kọ ìwé, ẹ fi déètì sí i, ẹ ya àwòrán, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jogún ilé tí ẹ sì fi ń gbowó, ẹ jogún àtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú. Ìjáfara léwu.