Ta ni yóò sùn sí yàrá wo? Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ tú ẹbí wa ká

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò mi obìnrin jáde kúrò lórí WhatsApp ẹbí wa. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ yọ orúkọ mi kúrò, mi ò lọ mọ́." Kí a tó fèsì, ó ti jáde.

Kí ló fà á? Ẹ má rẹ́rìn-ín o: yàrá inú ọkọ̀ ojú omi ni.

Màmá wa fẹ́ pé ẹni àádọ́rin ọdún. Bọ̀dá wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ò fẹ́ ká gba gbọ̀ngán, ká pín aṣọ ẹbí, ká wá máa san gbèsè lẹ́yìn ayẹyẹ. Wọ́n ní kí gbogbo wa pàdé ní Barcelona, ká wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi fún ọjọ́ méje, ká yà ní Faransé, ká yà ní Ítálì, ká padà. Inú gbogbo wa dùn. Èmi gan-an ti ń wá fìlà tí mo máa dé sórí dẹ́ẹ̀kì.

Ìgbà tí Bọ̀dá wá pín yàrá ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àgbà mẹ́fà ni wá: Màmá, Bọ̀dá àti ìyàwó wọn, èmi, àbúrò mi obìnrin, àti àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin. Àbíkẹ́yìn ọ̀hún ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ má rò pé ọmọdé ni. Yàrá méjì péré ni Bọ̀dá yàn. Èyí tó ní báákónì jẹ́ tiwọn àti ìyàwó wọn. Èkejì, tí kò ní fèrèsé kankan, jẹ́ tàwa mẹ́rin tó kù. Ibùsùn méjì wà nísàlẹ̀, wọ́n á fa méjì yọ láti ara ògiri lókè. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan.

Àbúrò mi bèèrè ibi tí òun ti máa pààrọ̀ aṣọ. Bọ̀dá dá a lóhùn pé: "Ṣebí yàrá kan náà ni gbogbo wa jọ sùn ní Ajángbádì?"

Èmi tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin, mo fi àwòrán àtàǹpàkò sí ọ̀rọ̀ Bọ̀dá. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn.

Òótọ́ ni Bọ̀dá sọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni. Ilé "face-me-I-face-you" la gbé dàgbà ní Ajángbádì. Yàrá kan àti pálọ̀. Kọ́tìnì ni ògiri wa. Ẹni tó bá fẹ́ wọṣọ á pariwo, "Ẹ má wọlé o!", gbogbo wa á sì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, a sì nífẹ̀ẹ́ ara wa. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni wá nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò fún wa láǹfààní láti yan ohun tó wù wá. Àbúrò mi ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n báyìí. Ìyà tí a jọ jẹ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìdí láti tún un jẹ lórí omi, pàápàá nígbà tí ẹlòmíì wà ní báákónì tó ń gba atẹ́gùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yàrá ọkọ̀ yìí ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rí ìpolówó rẹ̀ lórí Instagram báyìí. Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Yàrá inú kò ní fèrèsé. Tí o bá pa iná, o ò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Yàrá tó ní fèrèsé ń rí òkun, àmọ́ fèrèsé náà kì í sábà ṣí. Yàrá oníbáákónì ní àyè tí o lè jókòó sí níta. Lókè gbogbo wọn ni èyí tó ní pálọ̀ tirẹ̀, tàwọn ọlọ́lá.

Owó tí wọ́n ń kọ sínú ìpolówó, owó orí kan ni, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn méjì bá jọ wà nínú yàrá. Ká ní wọ́n kọ 600 pọ́n-ùn. Ẹ̀yin méjì á san 1,200. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo fẹ́ yàrá náà, wọ́n lè gba tó 1,200 ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ. Ẹni kẹta àti ẹni kẹrin nínú yàrá kan náà sì sábà máa ń san owó tó kéré. Ìdí rèé tí Bọ̀dá fi kó wa jọ bíi sadíìnì. Kì í ṣe ìkà, ìṣirò ni.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí ìpolówó kì í pariwo. Àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, ni ọkọ̀ kì í ti í fì púpọ̀. Ẹni tí èébì máa ń gbé kó yàn síbẹ̀. Yàrá tó wà lábẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tàbí lókè ilé ijó lè pọ̀ ní ariwo. Tí wọ́n bá ní kí o san owó oríṣi yàrá, káwọn wá yan nọ́ńbà fún ọ nígbà tó bá yá, owó náà lè dín kù, ṣùgbọ́n ìyá lè bára rẹ̀ ní iwájú ọkọ̀, kí ọmọ wà lẹ́yìn. Àwọn yàrá kan ní ilẹ̀kùn láàárín ara wọn, ìyẹn dára fún ẹbí tó ní àgbàlagbà. Ó sì yẹ kí ẹ mọ ọ̀rọ̀ fisa: ìlú Schengen ni Sípéènì, Faransé àti Ítálì, àmọ́ tí ọkọ̀ bá yà sí Tunis kó tó padà, o ti jáde nínú Schengen nìyẹn, fisa tí wọ́n ń fi wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní gbé ọ padà.

Ọ̀rọ̀ kíláàsì nínú ọkọ̀ kì í ṣe tuntun sí wa. Ẹ bi àwọn bàbá àgbà yín léèrè nípa MV Aureol, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster tó bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Èkó ní ọdún 1951, tó sì ṣe é títí di 1974. Ẹ̀gbọ́n màmá mi wọ̀ ọ́ lọ kàwé. Títí tí wọ́n fi kú, wọn kì í sọ̀rọ̀ òkun tó bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹni tó jẹun níbi tábìlì kìíní àti ẹni tí kò lè débẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrìnàjò náà, àmọ́ ogójì ọdún ni ọ̀rọ̀ náà fi wà lẹ́nu wọn. Ibi tí wọ́n bá fi ọ́ sí kì í tètè kúrò lọ́kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé, "Àdéhùn ni, ẹ ti gbà á lórí WhatsApp," ẹ fetí sílẹ̀. Ní ọdún 1919, nínú ẹjọ́ Balfour àti Balfour nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ ṣèlérí pé òun á máa fún ìyàwó òun ní 30 pọ́n-ùn lóṣooṣù. Kò fún un mọ́, ìyàwó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní àdéhùn inú ilé kì í sábà jẹ́ èyí tí òfin máa fipá mú ẹnikẹ́ni ṣe. Ìlànà yẹn dé ọ̀dọ̀ àwa náà. Nítorí náà, òfin kò ní bá yín yanjú ta ló máa sùn sókè. Ẹnu yín lẹ máa fi yanjú rẹ̀, kí owó tó jáde.

Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ẹni tó ta ìrìnàjò fún yín, òfin wà níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin FCCPA ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ohun tó ti gbà sílẹ̀ ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onítajà lè yọ owó tó bójú mu níbẹ̀. Ẹ ka ìwé àdéhùn. Àwa ò kà á. Nígbà tá a fẹ́ pààrọ̀ yàrá, aṣojú tó gba owó lọ́wọ́ Bọ̀dá fi ìlà kan hàn wá nísàlẹ̀ ìwé, díẹ̀ nínú owó náà sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ bẹ àbúrò mi. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Marina. Òkokomáíkò ni wọ́n ní ọ̀nà rẹ̀ máa parí sí, àmọ́ Mile 2 ló ṣì ń já èrò sí, mo bá wọ dánfó, mo tún wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Ajángbádì. Mo bá Màmá níwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi: ẹni tó máa tọ́jú wọn lóru, ẹni tó máa fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bí owó ṣe rí.

Wọ́n jẹ́ kí n parí. Wọ́n ní: "Ta ló bi mí?"

Mi ò rí nǹkan sọ.

"Nílé bàbá mi, àwa márùn-ún la jọ ń sùn lórí ẹní. Mo délé ọkọ, mo bí yín, ẹ gun orí mi sùn. Bàbá yín kú, ẹ kó ọmọ yín wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò sùn ní yàrá èmi nìkan rí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ náwó lé mi lórí, yàrá tí mo lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú ni mo fẹ́. Àbúrò rẹ yìí ńkọ́? Ọdún mẹ́fà ló ti ń tọ́jú mi. Ẹ wá fẹ́ kó máa lọ tọ́jú mi lórí omi, ẹ ní ìgbafẹ́ ni."

Àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo yíjú sí i, mo ní, "Má bínú." Kò dáhùn, àmọ́ ó gbé omi wá fún mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe Bọ̀dá. Mi ò kọ ọ́ sórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ tó tó báyìí, ẹnu la fi ń sọ ọ́ fún àgbà. Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Wọ́n ní, "Mi ò tiẹ̀ ronú kan Màmá fúnra wọn."

Bá a ṣe pín in rèé. Yàrá mẹ́rin. Màmá nìkan wà nínú èyí tó ní fèrèsé, láàárín ọkọ̀, nísàlẹ̀. Àbúrò mi wà ní yàrá tirẹ̀ tó kọjú sí ti Màmá, kó lè gbọ́ tí wọ́n bá pè é, kó sì lè sùn tí wọn ò bá pè é. Èmi àti àbíkẹ́yìn wà nínú yàrá inú, a sì ń san owó tara wa. Bọ̀dá àti ìyàwó wọn fi báákónì sílẹ̀. Owó kò tó fún ọjọ́ méje mọ́, a dín in kù sí mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, tí ẹ̀ ń kó owó jọ láti mú àwọn òbí yín jáde, yálà ọkọ̀ ojú omi ni o, yálà òtẹ́ẹ̀lì ní Badagry ni: ẹ kọ́kọ́ bi olúkúlùkù bó ṣe fẹ́ sùn. Kí ẹni tó ń sanwó sọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi bò. Tí owó kò bá tó kí gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀kùn, ẹ dín ọjọ́ kù, ẹ má dín iyì kù. Ẹ má sì sọ ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ di olùtọ́jú gbogbo ayé láìbi í.

Àbúrò mi ti padà sórí WhatsApp. Màmá pè mí láàárọ̀ àná, ọ̀rọ̀ òkun kọ́ ni wọ́n bá wá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ yàrá náà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa.